Orin Bach Nínú Ẹ̀rọ Mànàmáná

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí àwo orin kan tí ilé-iṣẹ́ Columbia Records gbé jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1968. Switched-On Bach ni orúkọ rẹ̀. Johann Sebastian Bach, ará ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ àwọn orin inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tí ó lé ní igba ọdún ṣáájú àkókò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí sí àwo yìí kò ní gbọ́ dùùrù ilé ìjọsìn, kò ní gbọ́ fèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbọ́ ohun èlò olókùn kankan. Ẹ̀rọ kan tí ó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ohùn ni ó ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn, Wendy Carlos ni ó sì jókòó ti ẹ̀rọ náà. Nígbà tí àwo náà dé ọjà, inú àwọn kan dùn, àwọn mìíràn sì bínú, wọ́n ní a ti sọ orin ọ̀gá di ohun ìṣeré. Ohun tí a fẹ́ wádìí níhìn-ín ni ìdí rẹ̀ tí orin àtijọ́ yìí fi bá ẹ̀rọ tuntun náà mu tó bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ gan-an: ẹ̀rọ ni, tàbí ènìyàn?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó yẹ kí a mọ irú orin tí à ń sọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa pe orin tí a kọ ní Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 1600 sí 1750 ní orin bàrọ́kù. A máa ń sọ pé láti inú èdè àwọn Pọtogí ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí ó ti jẹ́ orúkọ péálì tí kò rí rogodo. Èébú ni lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fún orin, nítorí wọ́n ka iṣẹ́ ìgbà náà sí ohun tí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Lónìí èébú náà ti di oyè. Bach, tí a bí ní Eisenach ní 1685, tí ó sì kú ní Leipzig ní 1750, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí olórí gbogbo àwọn olórin ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà ayé rẹ̀, dùùrù tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ fi kàn ju orin tí ó kọ sílẹ̀ lọ.

Ohun tí ó mú orin rẹ̀ yàtọ̀ ni pé ohùn púpọ̀ máa ń rìn nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró ti àwọn onídùndún rí yóò tètè mọ ohun tí à ń wí. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìṣáájú ń tẹ̀ lé ìlànà tiwọn, gúdúgúdù kékeré sì ń dún kíkankíkan lábẹ́ gbogbo wọn. Bí etí bá mọ́ ọn, ó lè yan ọ̀kan nínú wọn kí ó sì máa bá a lọ títí orin yóò fi parí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá o. Nínú dùndún, ìyáàlù ni ọ̀gá, àwọn yòókù ń gbè é ni. Nínú orin Bach, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní fúúgù, kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọṣẹ́. Ohùn kan á dá gbólóhùn kan sílẹ̀, èkejì á gba gbólóhùn kan náà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀kẹta á tún gbà á lẹ́nu èkejì. Ti àkọ́kọ́ kò sì ní torí èyí dákẹ́: yóò ti bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó bá ti àwọn yòókù mu.

Orin ijó sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ pé inú ilé ìjọsìn nìkan ni ó ti ń gbọ́ Bach lè má fura sí èyí, ṣùgbọ́n àwọn àkójọ orin rẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ ijó lé ijó lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Allemande wà níbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Faransé fi hàn pé ti àwọn ará Jámánì ni. Courante, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ijó tí ń sáré. Àti gigue, tí ó ti ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Irish rékọjá òkun wá. Sarabande ni ìtàn rẹ̀ dùn jù lára gbogbo wọn. Àwọn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn ará Sípéènì gbà ni a ti kọ́kọ́ gbúròó rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ijó tí ó yá, tí ó sì ń ru ara sókè ni, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Sípéènì sì fi òfin dè é ní 1583, wọ́n ní ìwà àìnítìjú ni. Kí ó tó dé ọwọ́ Bach, ó ti fa ẹsẹ̀, ó ti di ijó àgbà. Orin tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú àwo Carlos, èyí tí wọ́n ń pè ní Air on the G String, inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni a ti yọ ọ́. Ijó mẹ́ta, èyíinì ni gavotte, bourrée àti gigue, ni ó tẹ̀ lé e nínú ìwé Bach. Nígbà tí Carlos sì ṣe àwo kejì ní 1969, ó mú díẹ̀ nínú Water Music ti Handel, orin tí wọ́n ṣe fún Ọba George Kìn-ín-ní nínú ọkọ̀ lórí odò Thames ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún 1717. Bourrée wà nínú ìyẹn pẹ̀lú.

Ó tó kí a bọ́ sórí ẹ̀rọ náà wàyí. Robert Moog, tí a bí ní New York ní 1934, ni ó ṣe é. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ti ń ṣe ohun èlò orin kan tí wọ́n ń pè ní theremin, èyí tí ẹni tí ó ń lò ó kì í fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ni ó máa ń jù nínú afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀. Moog kàwé ìmọ̀ físíìsì àti ti iná mànàmáná títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cornell ní 1965. Ní 1964, òun àti olórin kan tí ń jẹ́ Herbert Deutsch jókòó pọ̀, wọ́n sì gbé ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ tuntun náà kalẹ̀. Sintẹsáísà ni àwọn olórin ń pè é.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Gbogbo ohùn jẹ́ ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́. Okùn tí ó bá gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fún wa ní ohùn tí àwọn olórin ń fi tún ohun èlò wọn ṣe. Bí ó bá gbọ̀n ní ìgbà 880, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gòkè, gẹ́gẹ́ bí dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè. Nínú ẹ̀rọ Moog, kò sí okùn, kò sí afẹ́fẹ́ nínú fèrè. Iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ni a mú kí ó máa gbọ̀n, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì sọ ọ́ di ohùn tí etí lè gbọ́. Ọgbọ́n tí Moog dá ni pé iná kan ni ó ń pàṣẹ fún iná kejì. Bí iná tí ń pàṣẹ bá fi fóltì kan lé sí i, ohùn á gòkè láti dò dé dò. Nítorí náà bọ́tìnnì dùùrù tí a bá tẹ̀ kò lu nǹkan kan. Iye iná kan ni ó fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, ohùn náà á gba inú ohun tí a lè pè ní asẹ́ kọjá. Bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì tí ìyangbo ń dúró lókè, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí ń dá apá kan ohùn dúró, tí ohùn mímú yóò fi di ohùn rírọ̀. Lẹ́yìn náà ni olórin yóò tún pinnu bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ti kú. Ohùn agogo máa ń dé lójijì, a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Ohùn fèrè máa ń wọlé jẹ́jẹ́, a sì máa dúró títí èémí yóò fi tán. Okùn wáyà ni wọ́n fi ń so apá kan ẹ̀rọ náà mọ́ èkejì, bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé tẹlifóònù ti ń ṣe láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ ohùn yóò tú okùn, yóò sì tún un so.

Àbùkù ńlá méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Àkọ́kọ́ ni pé kò lè mú ju ohùn kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ni yóò gbọ́. Èkejì ni pé ohùn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ara ẹ̀rọ bá ti gbóná tàbí tí ó tutù, ohùn á yẹ̀, olórin á sì tún un tò.

Wendy Carlos, tí a bí ní ìlú Pawtucket ní 1939, kò ṣàjèjì sí irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ orin àti ìmọ̀ físíìsì pọ̀ ní Yunifásítì Brown, lẹ́yìn náà ó kọ́ orin kíkọ ní Yunifásítì Columbia lábẹ́ Vladimir Ussachevsky àti Otto Luening, àwọn tí ó ṣíwájú nínú fífi téèpù àti ẹ̀rọ ṣe orin ní Amẹ́ríkà. Ní 1964 ni òun àti Moog pàdé. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sọ fún Moog ohun tí ọwọ́ olórin ń fẹ́, Moog sì ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni pátákó dùùrù tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ líle àti ọwọ́ ẹ̀lẹ̀. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí Carlos lò, fúnra rẹ̀ ni ó tò ó. Ọ̀nà mẹ́jọ ni ó wà lórí téèpù rẹ̀, tí a lè gba ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe lọ. Carlos á mú ohùn kan nínú orin, kò níí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ kí ohùn tó yẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á gbà á sílẹ̀ sí ọ̀nà kìn-ín-ní. Á dá ẹ̀rọ dúró, á tún ohùn tò. Á tẹ èyí tí ó kàn. Bí ohùn kìn-ín-ní bá parí, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ orin láti gba ohùn kejì sí ọ̀nà kejì, á sì máa gbọ́ ti àkọ́kọ́ bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, kí méjèèjì lè pàdé láìsí ìfàsẹ́yìn. Ohùn kẹta ń bọ̀, ìkẹrin ń bọ̀. Brandenburg Concerto kẹta, tí Bach fi ránṣẹ́ pẹ̀lú márùn-ún mìíràn sí ọmọ ọba Brandenburg kan ní 1721, ní ìpín mẹ́ta ti fayolín, mẹ́ta ti fíólà àti mẹ́ta ti ṣẹ́lò, kí a tó ka àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ orin ró. Ẹgbẹ́ olórin tí ó bá mọ iṣẹ́ lè parí rẹ̀ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá. Fún Carlos, iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni. Rachel Elkind ni ó dúró tì í gẹ́gẹ́ bí alábòójútó àwo náà, Benjamin Folkman sì ràn án lọ́wọ́ nínú orin títẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀rọ ni ó dá orin yìí kọ kò mọ ohun tí ó ń wí. Ẹ̀rọ náà kò kọ orin kan rí. Ìka ènìyàn ni ó kọ gbogbo rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí àbùkù ẹ̀rọ ṣe bá ìwà orin náà mu. Orin olóhùn púpọ̀ ni, tí ohùn kọ̀ọ̀kan lè dá dúró, tí ó sì ní ìtumọ̀ láìsí ẹnìkejì. Ẹ̀rọ tí kò lè ṣe ju ohùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan kò bá a jà. Kàkà bẹ́ẹ̀, nítorí pé a gba ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀, tí a sì fún un ní àwọ̀ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ gbọ́ ìrìn àwọn ohùn àárín tí wọn kì í tètè gbọ́ nígbà tí ogún fayolín bá ń dún pọ̀. Bach fúnra rẹ̀ kò sì so orin mọ́ ohun èlò kan pẹ́kípẹ́kí. Orin tí ó ṣí àwo Carlos, èyí tí ó ti inú Cantata 29 wá, fayolín kan ṣoṣo ni Bach kọ́kọ́ kọ ọ́ fún. Ní 1731 ó gbé e fún dùùrù ilé ìjọsìn, ó fi kàkàkí àti ìlù sí i. Ó mú orin Vivaldi, tí a kọ fún olókùn, ó sọ ọ́ di ti dùùrù. Bí òun tìkára rẹ̀ bá lè ṣí orin nípò báyìí, ẹ̀sùn pé Carlos tẹ́ òkú ọ̀gá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ibì kan wà tí Bach fi àyè sílẹ̀ pátápátá. Apá kejì nínú Brandenburg kẹta náà, ohùn àkópọ̀ méjì péré ni ó kọ síbẹ̀, kò sì kọ ohun mìíràn. A gbà pé olórin ni ó fi í sílẹ̀ fún láti fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ kún un. Carlos kún un. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti bọ́ aṣọ fèrè àti aṣọ dùùrù sílẹ̀, tí ó fọhùn bí ara rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ sókè, ó ń yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ó ní ìgboyà jù nínú àwo náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ó dùn jù.

Àwo náà tà ju bí ilé-iṣẹ́ kankan ti lè rò lọ fún irú orin bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú àwọn àwo tí ó tà jù ní Amẹ́ríkà, ó gba ẹ̀bùn Grammy mẹ́ta ní 1970, nígbà tí yóò sì fi di 1986 ó ti tà tó mílíọ̀nù kan. Glenn Gould, ará Kánádà tí gbogbo ayé mọ̀ nítorí bí ó ti ń tẹ Bach, yin iṣẹ́ náà gidigidi. Ní 2005, Ilé Ìkàwé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà fi í kún àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú. Àwọn aláfarawé sì yọ bí olú. Ọ̀pọ̀ nínú àwo tiwọn kò jọ ohun tí a tún lè mẹ́nu kàn.

Ìbẹ̀rù àwọn olórin kan ṣì wà tí kò yẹ kí a fi ṣẹ̀rín. Bí ẹ̀rọ bá lè dún bí fèrè, kí ni ẹni tí ń fun fèrè yóò jẹ? Ní 1968, ìdáhùn rọrùn: ẹ̀rọ náà ń gba àkókò ju ẹgbẹ́ olórin lọ, kò sì lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di 1978, àwọn ẹ̀rọ tí ó lè mú ohùn márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan ti dé, àwọn tí ó ń gba ohùn fayolín gidi pamọ́ tí wọ́n sì ń tún un dá tẹ̀ lé wọn, ọ̀pọ̀ ilé tí ń ṣe orin fún sinimá àti ìpolówó ọjà kò sì pe ogún olórin mọ́ níbi tí ẹnì kan bá ti lè ṣe é. Carlos kọ́ ni ó fà á. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn àwo yìí gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn mọ́ ọn.

Ohùn mànàmáná sì padà sí ojú agbo ijó, níbi tí púpọ̀ nínú orin bàrọ́kù ti wá. Ní 1977, ní ìlú Munich, Giorgio Moroder fi ẹ̀rọ Moog ńlá ṣe orin I Feel Love fún Donna Summer. Ohùn ìsàlẹ̀ kan náà ni ó ń yí po láìsinmi, tí ara olùgbọ́ yóò fi máa mì. Ẹni tí ó mọ Bach yóò rántí bí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń rìn lábẹ́ orin ìgbà bàrọ́kù láìdúró, tí gbogbo èyí tí ó wà lókè gbára lé e. Ohun tí ó wù wá nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò rí ohùn ìlù ńlá tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn nínú ẹ̀rọ náà. Ènìyàn ni ó jókòó fi ẹsẹ̀ lu ìyẹn.

Àwọn ọmọ Yorùbá náà ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, gbọ́ orin Bach ní èwe rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ilé ìjọsìn Christ Church ní Marina, Èkó, lábẹ́ T. K. E. Phillips. Nígbà tí ó dé London, ó tẹ dùùrù Hammond, tí iná mànàmáná ń mú dún, ní ilé ijó òru àti fún Adelaide Hall olórin. Ní 1943 ó sì di ẹni tí ẹgbẹ́ àgbà àwọn atẹ-dùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè gíga dá lọ́lá. Bach, iná mànàmáná àti ijó ti pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú àwo Carlos. Ní 1983, nígbà tí Sunny Adé gbé Synchro System jáde, sintẹsáísà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú dùndún, dùndún kò sì kúrò níbẹ̀. Ìdí kan wà fún èyí. Bọ́tìnnì dùùrù ń fo láti ohùn kan sí òmíràn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ìyáàlù a máa yọ̀ láàárín wọn, nínú yíyọ̀ yẹn sì ni ọ̀rọ̀ Yorùbá wà. Moog ṣe ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lè fi ìka fà láti mú ohùn yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, èyí sì ni ó súnmọ́ awọ ìyáàlù jù nínú gbogbo ohun tí ó ṣe. Kò tí ì sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ dán ẹ̀kọ́ yìí wò, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Brandenburg. Kí ó wá Invention ní F nínú àwo náà, orin olóhùn méjì péré, ọ̀kan nínú àwọn tí Bach tò jọ ní 1723 láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohùn òkè ni yóò kọ́kọ́ wọlé, tí ó ń fò sókè. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láìronú. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fi ohùn òkè sílẹ̀ lẹ́yìn ìfò àkọ́kọ́ yẹn, kí ó sì dúró de ti ìsàlẹ̀: gbólóhùn kan náà ni yóò gbà, ìfò kan náà, tí yóò máa lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ.